Ayé Ń Gbóná Sí I: Ibo Ni Àwọn Ẹ̀dá Inú Igbó Yóò Sá Sí?



Bí a bá jókòó ti àwọn bàbá àti ìyá wa ní Ìsẹ̀, ní Ọ̀rùn, ní Ẹmùré tàbí ní Ìkẹ́rẹ́, tí a sì ní kí wọ́n sọ bí igbó ṣe rí nígbà èwe wọn, ohun tí wọn yóò sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Wọn yóò sọ nípa àgbìgbò tí ìró ìyẹ́ rẹ̀ máa ń dún bí ìjì lókè orí. Wọn yóò sọ nípa ìgbín tí àwọn ọmọdé máa ń ṣà kún agbọ̀n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì àkọ́rọ̀ òjò. Wọn yóò sọ nípa ọyẹ́ tí ó máa ń mú tó bẹ́ẹ̀ tí ará ilé kì í kúrò nídìí iná títí oòrùn yóò fi là. Lẹ́yìn náà, wọn yóò mí kanlẹ̀, wọn yóò ní, "Ayé ti yí padà."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ̀kọ́ wa nínú oṣù yìí dá lórí bí ayé ṣe yí padà, lórí ohun tí ìyípadà náà ń ṣe fún àwọn ẹranko àti ẹyẹ, àti lórí iṣẹ́ tí ó já lé àwa ọ̀dọ́ léjìká. A bẹ̀ yín, ẹ má ṣe kà á sí ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan. Igbó tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa.

KÍ NI Ó Ń MÚ AYÉ GBÓNÁ?

Ọlọ́hun fi afẹ́fẹ́ bo ayé bí ìyá ṣe ń fi aṣọ bo ọmọ. Bí aṣọ náà kò bá sí, òtútù ni ì bá pa gbogbo ẹ̀dá. Àwọn èròjà kan wà nínú afẹ́fẹ́ yìí, pàápàá èyí tí à ń pè ní carbon dioxide, tí wọ́n máa ń di ooru mú kí ó má baà sá lọ tán. Láti ohun tí ó lé ní igba ọdún ni àwọn ọmọ aráyé ti ń wa èédú inú ilẹ̀, epo rọ̀bì àti gáàsì jáde lọ́pọ̀ yanturu, tí wọ́n sì ń sun wọ́n láti fi wa ọkọ̀, láti fi ṣe iná mànàmáná, àti láti fi yí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́. Èéfín rẹ̀ ń gòkè lọ́sàn-án lóru. Igi tí ì bá sì máa fa díẹ̀ mu nínú rẹ̀, a ń gé e lulẹ̀.

Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 ni carbon dioxide nínú rẹ̀. Lónìí, ó ti ju 420 lọ. Aṣọ ti nípọn jù fún ọmọ. Ọdún 2024 ni ó gbóná jù lọ nínú gbogbo ọdún tí a ti ń wọn ooru ayé. Ó fi nǹkan bí ìwọ̀n kan ààbọ̀ ti Celsius gbóná ju bí ayé ṣe rí láàárín ọdún 1850 sí 1900 lọ.

Ẹnìkan lè bi wá pé, "Kí ni ìwọ̀n kan ààbọ̀ lè ṣe?" Ẹ jẹ́ kí á wo ara àwa fúnra wa. Ara ènìyàn tí ó le máa ń wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 37. Bí ó bá fi ìwọ̀n kan ààbọ̀ gòkè, ibà ti dé nìyẹn, a ó sì máa wá òògùn. Bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe ń ṣe ibà nísinsìnyí.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ OORU FI Ń DÉ Ọ̀DỌ̀ ÀWỌN Ẹ̀DÁ

Ọ̀nà kìíní ni ti ẹyin. Ìjàpá òkun kì í sàba lé ẹyin rẹ̀. Inú iyanrìn etí òkun ni ó ń rì í mọ́, ooru iyanrìn ni ó sì ń pa á. Ọlọ́hun fi ìwọ̀n sí i: bí iyanrìn bá tutù díẹ̀, akọ ni yóò pọ̀ nínú ọmọ, bí ó bá gbóná, abo ni yóò pọ̀. Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ tẹ ohun tí wọ́n rí jáde nípa àwọn ìjàpá òkun tí ń yé ẹyin ní apá àríwá Great Barrier Reef ní Ọsirélíà. Nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí kò tíì dàgbà, ó lé ní mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún tí ó jẹ́ abo. Bí ó bá ń lọ báyìí, níbo ni àwọn abo wọ̀nyí yóò ti rí akọ lọ́la?

Ọ̀nà kejì ni ti omi. Awọ ara àkèré gbọ́dọ̀ máa tutù kí ó tó lè mí dáadáa. Inú omi kékeré tí òjò fi sílẹ̀ sínú kòtò ni púpọ̀ nínú wọn ń yé ẹyin sí. Bí òjò bá rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kòtò yóò gbẹ kí àwọn ọmọ àkèré tó hu ẹsẹ̀. Ìgbín ní tirẹ̀ máa ń fi ohun funfun kan dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yóò sì máa retí òjò nínú ilé. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá gùn ju bí ó ti yẹ lọ, ìkarahun òfìfo ni a ó bá.

Ọ̀nà kẹta ni ti oúnjẹ, èyí sì ni a fẹ́ kí ẹ fọkàn sí jù. Ní igbó Lopé ní orílẹ̀-èdè Gàbọ́ọ̀nù, láti ọdún 1986 ni àwọn onímọ̀ ti ń yẹ orí igi wò ní oṣooṣù láti mọ èyí tí ó tanná àti èyí tí ó so. Kò sí ẹni tí ó ń gé igi níbẹ̀ bí a ti ń gé e níhìn-ín. Síbẹ̀, nígbà tí ó fi máa di ọdún 2018, àǹfààní láti rí èso pípọ́n lórí igi ti dínkù ní nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn erin tí ń jẹ èso náà ń rù: láàárín ọdún 2008 sí 2018, ìsanra wọn fi nǹkan bí ìdá 11 nínú ọgọ́rùn-ún dínkù. Kí ni ó fà á? Àwọn onímọ̀ náà ṣàlàyé pé àwọn igi kan wà níbẹ̀ tí kì í tanná àfi bí òru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bá tutù dé ìwọ̀n kan, nǹkan bí 19. Bí òru kò bá tutù tó bẹ́ẹ̀, igi náà yóò kàn dúró, kò ní tanná, kò sì ní so. Ooru yìí kò bọ́ ewé lára igi. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ yóò wo igbó, yóò rí i pé ó tutù yọ̀yọ̀, kò sì ní mọ̀ pé ebi wà nínú rẹ̀.

Ọ̀nà kẹrin ni ti ibùgbé. Bí ibì kan bá gbóná ju agbára ẹ̀dá lọ, ohun tí ó kù ni kí ó kó lọ sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọ̀nà ńkọ́? Erékùṣù kékeré kan wà ní Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní Bramble Cay. Eku kan wà níbẹ̀ tí kò sí irú rẹ̀ níbòmíràn láyé. Omi òkun ń ga sí i, ó ń bo erékùṣù náà, ó sì ń pa ewéko tí eku náà ń jẹ. Ọdún 2009 ni a rí i kẹ́yìn. Ní ọdún 2019, ìjọba Ọsirélíà kéde pé ó ti run. Òun ni ẹran afọ́mọlọ́mú àkọ́kọ́ tí a kọ sílẹ̀ pé ìyípadà ojú ọjọ́ ni ó pa á run. Kì í ṣe pé eku náà kò mọ̀ ọ́n sá. Omi ni ó yí i ká.

IGBÓ ÌSẸ̀ TI DI ERÉKÙṢÙ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà wálé. Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ eku erékùṣù wá ni pé àwa náà ní erékùṣù kan lẹ́bàá wa. Omi kọ́ ni ó yí tiwa ká o, oko àti ọ̀nà ọkọ̀ ni.

Igbó ọba Ìsẹ̀ wà ní gúúsù Èkìtì níhìn-ín. Nínú rẹ̀ ni àwọn ìnàkí díẹ̀ wà, àwọn tí òyìnbó ń pè ní chimpanzee. Irú ìnàkí yìí kò sí níbòmíràn ní gbogbo ayé àfi ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù. Nínú ẹ̀yà mẹ́rin tí àwọn ìnàkí pín sí, òun ni ó kéré jù ní iye: gbogbo wọn kò tó 10,000. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn kan ṣì wà ní Igbó Ìsẹ̀. Ní ọdún 2020, Arábìnrin Rachel Ashegbofe Ikemeh, ọmọ Nàìjíríà, gba ẹ̀bùn Whitley nítorí iṣẹ́ tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ń ṣe láti dáàbò bo àwọn ìnàkí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Àwọn tí ó wà lókèèrè ti mọ ohun tí ó wà lẹ́yìnkùlé wa. Mélòó nínú àwa ọmọ ilé ni ó mọ̀ ọ́n?

Ìnàkí kì í bímọ bí ewúrẹ́. Abo rẹ̀ yóò tó bí ọmọ ọdún mẹ́tàlá kí ó tó bí àkọ́bí, lẹ́yìn náà yóò máa bí ọmọ kan ní nǹkan bí ọdún márùn-ún márùn-ún. Bí ọdẹ bá pa ìyá kan lónìí, ọ̀pọ̀ ọdún ni igbó yóò fi san gbèsè náà. Èso igi ni oúnjẹ rẹ̀ jù lọ. Nítorí náà, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí erin ní Lopé lè ṣẹlẹ̀ sí ìnàkí ní Ìsẹ̀, bí òru wa bá ń gbóná sí i tí igi kò sì so. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé igbó Lopé tóbi, erin lè rìn jìnnà láti wá oúnjẹ. Ibo ni ìnàkí Ìsẹ̀ yóò rìn dé? Oko kòkó ni yóò yà sí, tàbí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbọn yóò sì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn òkè Ìkẹ́rẹ́ tí à ń wò lókèèrè kò lè gbà á, àpáta ni wọ́n. Láyé àtijọ́, igbó so kọ́ra láti ìhín títí dé ọ̀nà Ìdànrè, ẹranko sì lè kó láti ibi tí ó gbẹ lọ sí ibi tí ó tutù. Lónìí, a ti gé okùn náà jábọ́ jábọ́.

Ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ kí ẹ mú lọ nìyí: ooru nìkan kì í sáábà pa ẹ̀dá run. Ooru tí ó bá bá ẹ̀dá níbi tí kò ti rí ọ̀nà sá ni ó ń pa á. Ooru náà, àwa kọ́ ni a dá a jù, nítorí gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà pa pọ̀ kò tú ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún èéfín tí ayé ń tú jáde. Ṣùgbọ́n àáké, ọwọ́ wa ni ó wà. Ẹ̀rọ agégi tí ń ké nínú igbó ọba lóru, ọmọ wa ni ó dì í mú. Iná ìgbẹ́ tí ń jó oko ní oṣù kejì ọdún, ìṣáná wa ni ó ràn án. Àwọn kan tilẹ̀ wà tí wọ́n ń pa igbó ọba ilẹ̀ Èkìtì àti Òǹdó run láti gbin igbó tí ń ya ọ̀dọ́ ní wèrè. Ìparun méjì ni wọ́n fi iṣẹ́ kan ṣe.

KÍ NI Ó KÀN WÁ NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ ÌNÀKÍ ÀTI ÀDÁN?

Àwọn kan lè sọ pé ènìyàn kò tíì yó, a ń sọ̀rọ̀ ẹranko. Ìdáhùn wa pín sí méjì.

Èkínní, ẹnu wa wà níbẹ̀. Ta ni ó ń gbin ìrókò? A kò rí àgbẹ̀ tí ó gbìn ín fún àwọn baba ńlá wa. Àdán ni ó ń jẹ èso rẹ̀ lóru, tí ó ń fò lọ jìnnà, tí ó sì ń yàgbẹ́ kóró rẹ̀ sórí ilẹ̀. Àgbìgbò àti ìnàkí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún àwọn igi mìíràn. Bí a bá pa àwọn tí ń gbin igi, kí àwọn oníṣòwò pákó má ṣe bínú bí igi bá tán. Kòkó tí ó rán púpọ̀ nínú wa lọ sí ilé ìwé ńkọ́? Kòkòrò tín-tìn-tín ni ó ń gbé àtíkè òdòdó rẹ̀ láti orí igi kan dé òmíràn. Inú ewé jíjẹrà àti èèpo kòkó tí ó tutù ni kòkòrò náà ń bí sí. Bí ilẹ̀ oko bá gbẹ táútáú nítorí pé a ti gé gbogbo igi tí ń ṣíji bò ó, òdòdó kòkó yóò rẹ̀ dànù láìso.

Ìkejì, ẹ̀sìn wa wà níbẹ̀. Nínú Súrà Al-An'aam, ẹsẹ 38, Ọlọ́hun jẹ́ kí ó yé wa pé àwọn ẹranko àti ẹyẹ kì í ṣe nǹkan lásán. Ìjọ ni àwọn náà. Nínú Súrà Ar-Ruum, ẹsẹ 41, Ó so ìbàjẹ́ tí ó hàn lórí ilẹ̀ àti lójú omi mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn. Ànábì wa Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọ́ wa pé bí Mùsùlùmí bá gbin igi, tí ènìyàn tàbí ẹyẹ tàbí ẹranko sì jẹ nínú rẹ̀, sàárà ni a ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò yọ ẹyẹ sílẹ̀. Ẹyẹ tí ó jẹ èso igi wa láìtọrọ àṣẹ ń kó láádá wá bá wa.

ÀPẸẸRẸ TI KÁLÍFÀ UMAR

Ọ̀rọ̀ igbó ọba kì í ṣe ohun tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ mú wá sáyé. Ànábì wa ya ilẹ̀ Naqii' sọ́tọ̀ ní ìtòsí Mẹ̀dínà, ó sì ka gígé igi léèwọ̀ ní àyíká ìlú Mẹ̀dínà. Irú ilẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní himaa. Nígbà tí Umar ọmọ Khattaab di Kálífà, ó fi ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Hunayy ṣe olùṣọ́ himaa. Àṣẹ tí ó pa fún un yẹ kí gbogbo ìjọba kọ́: ó ní kí ó ṣe jẹ́jẹ́ pẹ̀lú àwọn ènìyàn, kí ó jẹ́ kí ẹni tí ràkúnmí àti àgùntàn rẹ̀ kò pọ̀ wọlé, ṣùgbọ́n kí ó dí ọ̀nà mọ́ agbo ẹran Abdur-Rahman ọmọ Awf àti Uthmaan ọmọ Affaan. Sàábé ńlá ni àwọn méjèèjì, ọlọ́rọ̀ sì ni wọ́n. Umar ṣàlàyé pé bí ẹran wọn bá kú, wọ́n ní oko mìíràn tí wọn yóò gbójú lé. Ṣùgbọ́n bí ti tálákà bá kú, òun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ni yóò wá dúró sí ẹnu ọ̀nà Kálífà.

Ẹ gbé èyí lé orí Igbó Ìsẹ̀. Ìyá àgbà tí ó wọ igbó lọ ṣẹ́ igi gbígbẹ tàbí já ewé eéran kọ́ ni ó ń pa igbó. Ọlọ́kọ̀ tí ń kó gẹdú jáde lóru ni. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ń lé ìyá àgbà, tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ onígẹdú, a ti yí ìdájọ́ Umar sódì. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní kí tálákà kúrò nínú igbó gbọ́dọ̀ wá ohun tí tálákà yóò jẹ.

KÍ NI Ó KÙ TÍ A LÈ ṢE?

1. Ẹ jẹ́ kí á gbin igi tí ẹ̀dá ń jẹ: òro, àgbálùmọ̀, ọdán, ìyeyè, ìrókò. Tíìkì àti mẹ̀láínà dára fún pákó, ṣùgbọ́n ìnàkí kì í jẹ tíìkì. Kí á gbìn wọ́n sí etí odò àti sí ààlà oko, kí igbó lè tún so kọ́ra, kí ẹ̀dá rí ọ̀nà kọjá.

2. Kí á fi igi ńlá díẹ̀ sílẹ̀ nínú oko kòkó wa. Kí á la ọ̀nà iná yí oko ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó le, kí á má sì ṣe sun oko nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́.

3. Kí á má ra ẹran ìnàkí, ẹran ọ̀bọ tàbí akika, bí wọ́n bá tilẹ̀ fi lọ̀ wá lẹ́bàá títì. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1985 ti ka pípa ìnàkí léèwọ̀. Mùsùlùmí sì mọ̀ pé ẹran tí tàkúté pa kí a tó dé ìdí rẹ̀, òkúǹbete ni.

4. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí yóò máa kọ ọjọ́ àkọ́rọ̀ òjò sí, ọjọ́ tí òro tanná, àti ọjọ́ tí a rí àgbìgbò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ìwé náà yóò sọ ohun tí ẹnu nìkan kò lè sọ.

5. Kí á bá àwọn Ìmáàmù, àwọn ọba wa àti àwọn tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ̀ṣọ́ igbó jẹ́ ọmọ àdúgbò, kí owó oṣù rẹ̀ sì máa wọlé déédéé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

Kí ni ìdí tí igbó tí ó ń tutù yọ̀yọ̀ fi lè jẹ́ igbó tí ebi wà nínú rẹ̀?
Báwo ni eku Bramble Cay àti ìnàkí Ìsẹ̀ ṣe jọra? Ibo ni wọ́n ti yàtọ̀?
Nínú ọ̀rọ̀ igbó wa, ta ni ó wà ní ipò agbo ẹran ọlọ́rọ̀, ta ni ó sì wà ní ipò tálákà tí Umar ní kí ó wọlé?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò lè fi ọwọ́ wa pa iná tí ń jó ní ilé iṣẹ́ ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́ Ìṣirò, a kò ní bi wá léèrè àáké ẹlòmíràn kí á tó bi wá léèrè èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa. Kí Ọlọ́hun Ọba tí ó dá igbó àti ohun tí ń gbé inú rẹ̀ fún wa ní òye, kí Ó sì fi àlùbáríkà sí ọwọ́ tí ó bá gbin igi. Àmín.

Wabillaahi tawfiiq.